Ìwé ìròyìn yín wà lábẹ́ ata mi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, kí n kà á kí n ká a pọ̀ ni tèmi, àmọ́ èyí tí ẹ gbé jáde lọ́jọ́sí nípa ọgbà ẹ̀yìnkùlé yẹn, kò jẹ́ kí n lè pa ẹnu mọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ní ìyà lásán ló ń jẹ ẹni tó bá ṣì ń fọwọ́ tu koríko láyé ìsìnyí, pé kéèyàn ra kẹ́míkà, kó pò ó mọ́ omi, kó fín in, kó lọ jókòó, ó parí. Kò parí o. Èmi náà ti fín in rí, bí ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi fín in, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan, ẹ má sì bínú sí mi: gbogbo ìwé ìròyìn yín tí mo rà láti bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, abẹ́ ata mi ni wọ́n wà. Mo kà wọ́n o! Kì í ṣe pé mi ò kà wọ́n. Tí mo bá kà á tán ni mo máa ń tẹ́ ẹ sáàárín ata, ewé mẹ́jọ sí mẹ́wàá lórí ara wọn, mo máa bu omi lé e kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, mo máa wá kó ewé gbígbẹ bò ó. Koríko ò hù níbẹ̀. Ibi tí mi ò tẹ́ nǹkan sí, tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ sí i, koríko ibẹ̀ ga dé orúnkún. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wa rò pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé irúgbìn koríko wá bá wa láti ibòmíì, ó ń gbé e wá lóòótọ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ti wà nínú ilẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, sísùn ló ń sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, William Beal lorúkọ ẹ̀, ní 1879 ó kó irúgbìn koríko oríṣiríṣi sínú ìgò 20, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀, ó ní kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun máa hú wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá wọ́n ṣì máa hù. Ní 2021 wọ́n hú ìgò kan, ọdún 142 lẹ́yìn tí bàbá yẹn rì í, òun fúnra ẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́, wọ́n gbin ohun tó wà nínú ẹ̀, ó hù! Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló hù o, oríṣi kan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tó yọrí, ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò. Ọdún 142. Èwo ni kẹ́míkà tí mo fín ní oṣù kan fẹ́ ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Púpọ̀ nínú irúgbìn koríko, pàápàá àwọn tó kéré bí iyanrìn, kì í sì í hù àfi tí wọ́n bá rí ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó, kó sáà ti kan irúgbìn náà fìrí nígbà tí ọkọ́ bá ń yí ilẹ̀ sókè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó roko lónìí, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì, àfi bí ẹni pé ọkọ́ yẹn ló fi ranṣẹ́ pè wọ́n. Kẹ́míkà wá ńkọ́? Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fín, ewé tó ti yọ síta ló ń pa, kò kan èyí tó ń sùn nísàlẹ̀ rárá. Àwọn oríṣi kan wà lóòótọ́ tí wọ́n ń fín sórí ilẹ̀ kí koríko tó yọ, ìyẹn lè dá híhù dúró fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ irúgbìn tìẹ náà, tí o fẹ́ gbìn, inú ilẹ̀ kan náà lo fẹ́ gbìn ín sí.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fín, ọgbà mọ́ bí àwo. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ ń pe àwọn èèyàn wá wò ó. Ọdún kejì, mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fín in dípò ẹ̀ẹ̀kan. Ọdún kẹta, koríko wẹ́wẹ́ tó rọrùn láti tu ti lọ, àwọn olóríkunkun ló kù, àwọn tí gbòǹgbò wọn jìn, wọ́n wá ní gbogbo ilẹ̀ fúnra wọn, kò sẹ́ni tó ń bá wọn du ú mọ́. Ilẹ̀ yẹn wà ní ìhòòhò, òjò ń nà án, oòrùn ń sán an, ó le koránkorán, ó ń là. Mo ro pé omi ni kò tó, mo ń bomi rin ín ṣáá.

Ẹ má sọ pé mò ń fi gbogbo kẹ́míkà wé ara wọn, mo mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀. Glyphosate, tó ti wà lọ́jà láti 1974, gba ojú ewé wọlé, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, ó sì ń dí ọ̀nà kan tí ewéko fi ń ṣe àwọn èròjà kan tó fi ń dàgbà, ọ̀nà tí kò sí nínú ara èèyàn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kéèyàn tó rí i pé koríko ń pọ́n. Paraquat kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Fín in láàárọ̀ tí oòrùn sì mú, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ewé ti jó, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ torí ojú ń rí iṣẹ́ ẹ̀, àmọ́ kì í dé gbòǹgbò, koríko tó ní gbòǹgbò gidi á tún rú. Èyí tó burú jù ni pé kò sí oògùn tó ń pa oró ẹ̀, ìwọ̀nba tó lè kún ẹnu ti tó láti gbẹ̀mí àgbàlagbà, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí onítọ̀hún ò fi ní lè mí mọ́. Ilẹ̀ Yúróòpù ti lé e kúrò lọ́jà wọn láti 2007. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń dà á sínú ìgò ohun mímu, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ibi tọ́mọdé ti ń kọjá. Orí mi máa ń gbóná tí mo bá ti rí i.

Ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń so mọ́ glyphosate, mi ò fẹ́ bẹ́ sáàárín ẹ̀. Ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, ìjọba Amẹ́ríkà ní tiwọn ní bí èèyàn bá lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, kò jọ pé ó ń fà á, àwọn ará Yúróòpù sì fún un ní ọdún mẹ́wàá sí i ní 2023. Ẹjọ́ ń lọ, àríyànjiyàn ń lọ. Tèmi kò dúró lé ìyẹn. Ká tiẹ̀ sọ pé ó mọ́ bí omi òjò, mo ṣì máa sọ pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ kó ṣe nínú ọgbà kékeré, kì í bá mi ṣe é tán. Àwọn koríko pàápàá ti ń mọ ọ́n: láti 1996 ni wọ́n ti rí koríko kan ní Ọsirélíà tó dúró gbọin lójú glyphosate, láti ìgbà yẹn wọ́n ti ń pọ̀ sí i káàkiri ayé.

Àti pé kẹ́míkà kì í dúró síbi tí o fín in sí. Aládùúgbò mi kan, èèyàn dáadáa ni o, a máa ń kí ara wa, ó fín nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ẹ̀ lọ́jọ́ kan tí atẹ́gùn ń fẹ́. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta, ewé tòmátò mi ká sínú bí ìka arúgbó, àwọn tó wà lókè di tínrín bí òwú, igi ẹ̀ ń lọ́ bí ejò. Mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sọ fún mi pé ohun tí 2,4-D, kẹ́míkà apakoríko kan, ń ṣe fún tòmátò nìyẹn, pé tòmátò kì í lè fara da èéfín ẹ̀ rárá. Ọkùnrin yẹn bẹ̀ mí, mo gbà, àmọ́ tòmátò kò gba ẹ̀bẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí mo ṣe ń bo ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un torí ó kan àwa tí a ń bo ilẹ̀ gan-an. Àwọn kẹ́míkà kan wà, clopyralid àti aminopyralid lorúkọ wọn, pápá tí màlúù àti ẹṣin ń jẹ ni wọ́n ń fín wọn sí. Ẹran á jẹ koríko yẹn, kẹ́míkà á gba inú ẹran kọjá, á bá ìgbẹ́ jáde, á tún la ajílẹ̀ já láìkú. Ẹni tó bá kó irú ìgbẹ́ tàbí koríko gbígbẹ bẹ́ẹ̀ bo ìdí ẹ̀wà, tòmátò tàbí ata, ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ fín in nìyẹn láìmọ̀. Kí n tó lo ìgbẹ́ tí mi ò mọ orísun ẹ̀ báyìí, mo máa ń pò ó mọ́ erùpẹ̀ nínú ike mẹ́ta, mo máa gbin ẹ̀wà sí i, mo máa gbin ẹ̀wà sínú erùpẹ̀ lásán náà. Tí ewé ẹ̀wà tinú ìgbẹ́ bá ń ká kò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí tinú erùpẹ̀ lásán sì dára, mo dá ìgbẹ́ yẹn padà fún ẹni tó ni ín.

Ó yá. Páálí ni mo fẹ́ràn jù fún ibi tí koríko ti gbà tẹ́lẹ̀. Páálí rúbúrúbú aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn ni o, kì í ṣe èyí tó ń dán tó ní àwòrán. Ẹ bó gbogbo sẹ́lótéèpù ara ẹ̀, ẹ yọ gbogbo irin tí wọ́n fi kàn án, ẹ máṣe ṣọ̀lẹ lórí èyí, torí mo ṣọ̀lẹ, ọdún kejì ni mo ń ṣa sẹ́lótéèpù nínú ilẹ̀ bí ẹni ń ṣa egungun ẹja. Koríko tó bá ga, ẹ kàn ṣán an kó balẹ̀, ẹ ò ní láti hú u. Ẹ wá tẹ́ páálí lé e, kí etí ọ̀kan gun orí èkejì tó ìbú ọwọ́ kan àtààbọ̀, torí ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn gan-an ni koríko ń wá. Ẹ bomi rin ín títí á fi rọ̀ mọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ègé igi wẹ́wẹ́ tàbí ewé gbígbẹ tàbí koríko gbígbẹ tí kò ní èso lórí, kó nípọn tó sẹ́ńtímítà 5 sí 10. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á ráàyè wọlé. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi òjò díẹ̀díẹ̀ ò ní lè dé ilẹ̀.

Mo ká igun kan sókè lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, kí n kàn yọjú wò ó. Páálí yẹn ti rọ̀ bí àkàrà inú omi, ó ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀hù koríko wà, funfun báláú, tínrín, ó ti gùn lọ sápá òsì, ó ṣẹ́rí padà sápá ọ̀tún, ó ń wá ojú ìmọ́lẹ̀ títí ó fi sú u, ó wà níbẹ̀ ó ti rọ. Ekòló kún ibẹ̀, mo ka mẹ́sàn-án níbi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ilẹ̀ tí ọkọ́ ò wọ̀ tẹ́lẹ̀, ìka mi wọ inú ẹ̀ dé oríkèé kejì. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé táǹkì ìfínkẹ́míkà fún ẹlòmíì.

Àmọ́ kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ dùn o. Mo kó ewé rọ̀gbọ̀dọ̀ mọ́ ìdí igi ọsàn kékeré kan, mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe, èèpo ìdí ẹ̀ jẹrà, igi náà kú. Ìdí igi fẹ́ atẹ́gùn, ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ yí i ká. Àwọn ìgbín kéékèèké tí kò ní ìkarawun yẹn náà máa ń fi abẹ́ ìbòlẹ̀ ṣe ilé, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin nǹkan tó kéré, ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ kí ẹ tó bò ó. Tí ibẹ̀ bá ní ikán, páálí ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, ẹ má fà á dé ara ògiri ilé. Koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ẹ má kó o jọ gègèrè, á gbóná, á máa rùn, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹ. Àwọn kan máa ń sọ pé ègé igi ń jí nitrogen ilẹ̀, ìyẹn oúnjẹ ewéko, gbé, òótọ́ ni tí ẹ bá pò ó mọ́ erùpẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá wà lórí ilẹ̀, ojú ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló ń kàn, gbòǹgbò ata ti kọjá ibẹ̀.

Ibi tí mo ti jákulẹ̀ gidi ni ọ̀dọ̀ ẹ̀kan. Ẹ mọ ẹ̀kan, koríko ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn. Mo tẹ́ páálí méjì lé e lórí, mo ní kò síbi tó máa gbà. Oṣù kan, ó ti fi ẹnu abẹ́rẹ́ yẹn gún páálí méjèèjì, ó yọ síta pẹ̀lú ewé igi tó gún lọ́rùn bí ẹni wọ ẹ̀gbà. Mo rẹ́rìn-ín tán ni inú wá bí mi. Dáńdá náà bẹ́ẹ̀, ìyẹn tiẹ̀ máa ń lu ọ̀rá já, ọmọ ẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ kò lóǹkà. Fún irú àwọn wọ̀nyí, páálí nìkan ò tó, àfi kéèyàn máa tún un tẹ́, kó máa fa èyí tó bá yọ, fún ọdún kan ó lé. Àwọn onímọ̀ tún ti rí i pé wèrèpè lè bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀ kó fi òjìji pa á, oríṣi tí wọ́n ń gbìn ni o, èyí tí kì í yúnni, ẹ má lọ mú ti inú igbó kẹ́ ẹ wá máa fi mí bú.

Mi ò tún ní bá ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ tóbi jà. Ta ló fẹ́ rí páálí tó máa bo éékà 20? Bákan náà, igi olóríkunkun téèyàn gé tó tún ń rú, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan kẹ́míkà mọ́ ojú ibi tí wọ́n ti gé e, mi ò rí àléébù ńlá níbẹ̀, ojú kan ló wà. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé tí ọmọ ń sáré nínú ẹ̀ tí a sì ń já ewé jẹ níbẹ̀, ìyẹn ni mò ń sọ.

Nǹkan kan wà tí mo bínú sí ju kẹ́míkà lọ, aṣọ dúdú tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ yẹn ni. Wọ́n ní koríko ò ní hù mọ́ láéláé. Mo tẹ́ ẹ, mo da ègé igi sí i lórí, ọdún méjì àkọ́kọ́ mo ń dúpẹ́. Àṣé ègé igi yẹn ń jẹrà, ó ń di erùpẹ̀ lórí aṣọ, irúgbìn wá ń bọ́ sórí ẹ̀, ó ń hù látòkè, gbòǹgbò ń gba ojú aṣọ wọlẹ̀. Ìgbà tí mo ní kí n fà á, koríko àti aṣọ ti di ọmọ ìyá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fà á, ike ni wọ́n fi hun ún, ó sì ti gbó, ó ń já wẹ́wẹ́, títí dòní mo ṣì ń rí fọ́nrán dúdú nínú ilẹ̀. Ẹyẹ kan tiẹ̀ ti fi díẹ̀ nínú ẹ̀ kọ́lé.

Nítorí náà tí wọ́n bá ní ọ̀rá ìbòlẹ̀ kan wà tí ilẹ̀ lè jẹ, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè. Àwọn kan, ike lásán ni wọ́n fi nǹkan sí kó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ kíákíá, kò jẹrà, ó kàn kéré débi tójú ò fi rí i mọ́, Yúróòpù sì ti fi òfin lé irú ẹ̀ lọ. Àwọn míì, àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é lóòótọ́, PLA ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ooru ńlá bíi 58 tàbí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti ibi tí wọ́n ti ń sọ pàǹtírí di ajílẹ̀ ló máa ń tètè jẹ ẹ́, nínú ilẹ̀ lásán á pẹ́ gan-an. Èyí tó bá kọ EN 17033 sára, ìdíwọ̀n tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù ní 2018, ìyẹn gbọ́dọ̀ ti jẹrà dé ìdá 90 nínú 100 láàárín ọdún méjì nígbà tí wọ́n dán an wò nínú erùpẹ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń gbin nǹkan lórí ebè gígùn. Fún èmi, pépà ṣì ni.

Pépà yín náà wá ku ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Àwọ̀ dúdú inú tàdáwà ìwé ìròyìn, èédú ni, kò dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n àfikún ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń dán gbinrin tí ẹ máa ń fi sí àárín yẹn, omi kì í wọ̀ ọ́, kì í jẹrà bọ̀rọ̀, mi ò sì fẹ́ kó o sí ìdí ohun tí mo máa jẹ, ó ti di òkìtì ní igun yàrá mi, wọ́n ń bi mí nílé pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ṣé kò ṣeé ṣe kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tí kò dán bíi ti ìyókù? Tí ẹ bá gbé lẹ́tà yìí jáde náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sórí pépà tí kò dán. Ilá mi kù ní ìbòlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, àyè ẹ̀ wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín